Ọmọ tó mọ orin ABC dáadáa, tí kò dá lẹ́tà kan mọ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nílùú Ọ̀yọ́

Ẹjọ́ tí wọ́n kó wá bá mi ni pé ọmọkùnrin kan tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ti lo odidi ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò dá lẹ́tà kankan mọ̀ lójú pátákó. Olùkọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé kó tún kíláàsì náà ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní olódo, òun náà sì ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀, ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán, tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló fà á lọ́wọ́ wá. “Àǹtí, ẹ bá mi wo ọmọ yìí o. Nílé, ẹnu ẹ̀ ń dá ṣáṣá. Orin tí tẹlifíṣọ̀n ń kọ, kò sí èyí tí ò mọ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tó bá ti dúró níwájú tíṣà, ńṣe ló ń wò sùn-ùn?”

Àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà ni iṣẹ́ mi. Mi ò ní dárúkọ iléèwé, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ. Àlàó tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń kì í ni n ó máa pè é níbí. Àlàó pọ̀ ní Ọ̀yọ́ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tọpa ilé rẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ náà fi ń ṣeré. Ìyá àgbà ní kí n má wulẹ̀ dààmú, tọ́ì tó ń kọ́ èèyàn ní ABC wà nílé, bàbá rẹ̀ ló rà á. Èkó ni bàbá Àlàó ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe bàbá tó gbàgbé ọmọ. Ìdúmọ̀tà ló ti ra tọ́ì náà, ó fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́. Pátákó oníke pẹlẹbẹ ni, kò fẹ̀ ju ìwé ìkọ̀wé ńlá lọ. Bọ́tìnnì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lójú rẹ̀, A ní igun òkè lápá òsì, Z ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo wọn, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì kan, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará London á pe orúkọ lẹ́tà, á pe orúkọ àwòrán, orin á sì tẹ̀ lé e. Tọ́ì tó lágbára ni. Ó ti já bọ́ láìmọye ìgbà, kò bàjẹ́, ó sì ti jẹ́ kí ìyá àgbà ráyè jókòó ti ọjà rẹ̀ lọ́pọ̀ ọ̀sán.

Mo ní kí wọ́n gbé e wá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà, mo ní, “Àlàó, A dà?” Ìka rẹ̀ ti débẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán. “M ńkọ́?” Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń wò mí bíi pé èmi náà ti rí i báyìí pé wọ́n ń parọ́ mọ́ ọmọ òun ni. Mo fi téèpù bo àwọn àwòrán. Ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rí wọn. Mo wá yí pátákó náà po, mo dorí rẹ̀ kodò, mo tún béèrè A. Igun òkè lápá òsì náà ni ìka rẹ̀ tún lọ. Obìnrin inú tọ́ì ní “zebra”. Àlàó yọwọ́, ó wo tọ́ì, ó wò mí, ó tún ibẹ̀ tẹ̀. Zebra náà ló tún jáde. Nígbà tí mo wá kọ A sórí páálí lásán tí mo gbé e fún un, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí lẹ́tà wà ló mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Ojú rẹ̀ ti rí ọ̀nà tó yá jù, ó sì gbà á. Ọmọdé kì í ṣe iṣẹ́ tí kò bá pọn dandan, kò sì sí ohun tó sọ ọ́ di dandan fún un láti wo ìlà A fínnífínní, nígbà tí A kì í kúrò ní igun tó wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe báyìí pẹ̀lú pépà lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì pàápàá. Olùkọ́ á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo kíláàsì á máa ké, inú olùkọ́ á sì máa dùn.

Mo fi ọ̀rọ̀ ojú sílẹ̀, mo bọ́ sórí etí, torí ọmọ tí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún lè jọ olódo lójú ẹni tí kò bá fura. Etí Àlàó dá. A jọ ń pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀: ilé, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀lùbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, Akẹ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò ṣì í rárá. Mo ní, “Ewé. Kí lẹnu ẹ kọ́kọ́ pè?” Ó ní, “E.” Ó gbà á. “Ó dáa, wá a fún mi lórí tọ́ì ẹ.” A ló tẹ̀. “Ilé ńkọ́?” “I.” Ó tẹ E. “Omi?” O ló tẹ̀, ìyẹn ò burú. Adé ló wá yà mí lẹ́nu. Ó ronú, ó ń sọ “a, a” lábẹ́nu, ó wá lọ tẹ R.

Kí ẹni tó ń kà á tó rẹ́rìn-ín, kó pe àwọn lẹ́tà yẹn bí òyìnbó ṣe ń pè wọ́n. A, “éè”: ìró e tiwa nìyẹn. E, “íì”: i tiwa ni. R lẹ́nu ará London kì í ní r kankan nínú, “áà” lásán ni. Ọmọ náà kò ṣì. Ohun tí tọ́ì fi kọ́ ọ ló fi dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì lọ́gbọ́n nínú ju ti ọmọ tó kàn ń sọ ohun tí gbogbo kíláàsì ń sọ lọ. Iléèwé kò lè rí èyí, torí pátákó ni wọ́n máa ń tọ́ka sí fún un. Àìmọ̀ ojú rẹ̀ ti bo ọgbọ́n etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tó tún dá kún un ni pé ABC ni wọ́n ń kọ́ wọn láàárọ̀, tó bá di àkókò Yorùbá, wọ́n á tún kọ “a, bí, dí”. Àmì kan náà, orúkọ méjì, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún ọmọ. Àwa tí a sì ń fi ábídí yangàn pé tiwa rọrùn, ó ní ibi tí tiwa náà ti ń gbé ọmọ ṣubú. Mo bi ọmọ kan rí pé tí bí àti a bá para pọ̀, kí ni wọ́n á jẹ́, ó ní bíà. Kí ló ṣe? Bí tí a fún un náà ló pè. Orúkọ lẹ́tà ni bí. Ìró rẹ̀ ni ohun tí ètè méjèèjì ń ṣe kí ẹnu tó là fún a.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé tọ́ì ni mò ń bá jà. Fífi ohun ìṣeré kọ́ ọmọ ní lẹ́tà ti pẹ́: John Locke, onímọ̀ ará England, ti dá a lábàá ní 1693 pé kí wọ́n lẹ lẹ́tà mọ́ ara dáìsì kí ọmọ máa fi ṣeré. Àwọn tó ń ṣe tọ́ì tó ń sọ̀rọ̀ náà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ àti ìró. Lọ́yà kan ní California, Mike Wood, ló rí i pé ọmọ òun mọ orúkọ lẹ́tà ṣùgbọ́n ìró wọn kò yé e; ohun tó mú un dá iléeṣẹ́ LeapFrog sílẹ̀ nìyẹn ní nǹkan bí 1995. Nítorí náà tọ́ì tó ń pe ìró wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìró òyìnbó ló ń pè, òyìnbó fúnra wọn kò sì rí tiwọn tò: lẹ́tà 26 ló ń gbé ìró bíi 44. Bí tọ́ì bá ya giraffe sábẹ́ G, ìró j ni ọmọ gbọ́. Bó bá ya xylophone sábẹ́ X, ìró z ni, ìró tí kò sí nínú èdè wa rárá. Lẹ́tà tiwa, 25 ni: fáwẹ̀lì 7, kọ́ńsónáǹtì 18. Yàtọ̀ sí àwọn ìró àránmúpè bíi an àti ọn, ohun tí a kọ náà ni à ń pè. Ọmọ tó bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ á tètè mọ̀ pé àmì kan, ìró kan ló ń gbé, ohun tó sì ṣòro jù nínú ìwé kíkà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó lọ bá òyìnbó jà.

Kí n tó dá tọ́ì náà padà, mo yí i wo ẹ̀yìn. Skúrù tó yẹ kó de ilé bátìrì kò sí mọ́, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ kan tó ń rá sì wà nínú ilé kan náà. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó bíi ti aago ló wà nínú rẹ̀. Irú bátìrì yìí kì í ṣe ohun eré o. Èyí tí wọ́n fi lítíọ́mù ṣe, tó fẹ̀ tó mílímítà 20, bó bá há ọmọdé lọ́fun, láàárín wákàtí méjì ó lè ti jó inú ọ̀nà ọ̀fun. Kì í ṣe pé ó máa tú oró sára díẹ̀díẹ̀. Iná mànàmáná inú rẹ̀ ló ń jó ẹran ara níbi tó bá ti kàn. Ẹni tó bá fura pé ọmọ gbé e mì, ọsibítù ni kó gbà lọ tààrà, kó má dúró wò ó bóyá á yàgbẹ́ rẹ̀. Mo yọ gbogbo bátìrì náà, mo kó wọn lọ, mo sì dá tọ́ì padà lásán. Àlàó bínú sí mi.

Ohun tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò ní bátìrì. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Rome ní 1907, sáńpépà ló gé ní ìrí lẹ́tà tó lẹ̀ mọ́ pákó. Ọmọ á máa fi ìka tọ ojú lẹ́tà bí ìgbà tó ń kọ ọ́, á sì máa pe ìró rẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Tọ́ì yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà. Tọ́ì tó bá ń sọ̀rọ̀ máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Àlàó ti gbọ́ A láìmọye ìgbà lẹ́nu obìnrin London yẹn, ṣùgbọ́n kò sígbà kan tó di dandan kí ẹnu tirẹ̀ pè é kí eré tó tẹ̀síwájú.

Sáńpépà kì í pẹ́ gbó lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀yọ́ tí a sì wà yìí, ẹni tó ń fín igbá kò jìnnà síni. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, mo ní kó bá mi lo àkúfọ́ igbá tó ń kó sí ẹ̀yìn ilé, kó fín lẹ́tà sí i, kó wọlé dáadáa débi tí ìka ọmọdé á fi lè tọ̀ ọ́. “Tíṣà, mi ò kàwé o,” ni ó wí. “Ohun tí ẹ bá yà síwájú mi ni màá fín.” Mo ya lẹ́tà kéékèèké fún un, a, i, o, l àti m, torí lẹ́tà kékeré ló pọ̀ jù nínú ìwé tí ọmọ máa kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ńlá ni gbogbo tọ́ì ń tà fún wa. Mo ní kó ṣe a lọ́pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, torí kò sí bí a ṣe fẹ́ kọ Àlàó láìní a méjì.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá ti fi oríṣiríṣi ọnà yí wọn ká, ìlà wíwẹ́wẹ́ àti ìlà dídì, débi pé ojú àgbà gan-an á kọ́kọ́ wá l kó tó rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ lẹ́tà nìkan. Kò dùn mọ́ ọn nínú. “Igbá láìsí ọnà lára? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ọwọ́ mi ti wọ́lẹ̀ ni?” A wá fi í sí àárín: lẹ́tà nìkan níwájú, kó fi ẹ̀yìn ṣe ohun tó bá wù ú. Ó fín alángbá sẹ́yìn ọ̀kan, ẹja sẹ́yìn òmíràn, ẹyẹ sẹ́yìn òmíràn. Ó dára lójú. Róbótó ló gé gbogbo wọn, ó ní igbá tó bá ti ní igun, igun yẹn ló ń kọ́kọ́ sán. Mo jẹ́ kó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ nítorí ọmọ tó ń rá. Ìdíwọ̀n tí àwọn tó ń yẹ tọ́ì wò ń lò fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 31.7; ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán lè há irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fun. Ẹni tí kò ní irin iṣẹ́ yẹn, kó lo páálí róbótó inú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fẹ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀, ó sì tó lò. Bàbá fi sáńpépà dán etí gbogbo wọn, kò sì kun ọ̀dà kankan sí i, torí ẹnu ni ọmọdé ń kó nǹkan lọ.

Ohun róbótó kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Lọ́wọ́ Àlàó, m ń di w. Tí a bá sì dé iwájú, d á di p, n á di u, ẹ á gbé àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé orí. Bàbá lu ihò kékeré sí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì so okùn kúkúrú mọ́ ọn, pupa fún fáwẹ̀lì, dúdú fún kọ́ńsónáǹtì: okùn gbọ́dọ̀ wà lókè kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn yanjú.

Èyí tí kò hàn sí mi, ìyá àgbà ló rí i. Àlàó ti ń mú m láìṣì, ó ti ń mú l, inú mi ń dùn, àfi bí ìyá àgbà ṣe dákẹ́ tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. “Àǹtí, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń wò o!” Òótọ́ ni. Ọmọ náà á fọgbọ́n ṣí igbá díẹ̀, tó bá ti rí ẹja, á ní “mmm”. Ó tún ti rí ọ̀nà tó yá. Mo ní láti kó gbogbo wọn padà lọ bá bàbá kó ha àwòrán ẹ̀yìn wọn kúrò. Mi ò ní kọ ohun tó sọ síbí.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ kò le. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, Montessori náà ló mú un láti ọ̀dọ̀ Séguin, dókítà ará Faransé tó ṣíwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́, “Èyí ni a,” ìka ọmọ á tọ ojú fínfín, ẹnu rẹ̀ á pè é. Lẹ́yìn náà, “Fún mi ní a,” láàárín méjì tàbí mẹ́ta. Ìkẹyìn, “Kí nìyí?” Ẹni tó bá fò sí ìkẹyìn kó tó ṣe èkejì dáadáa, ìjákulẹ̀ ló ń fún ọmọ. Ìyá àgbà kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè ṣe nínú èyí, torí ìró Yorùbá wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń ṣe é jù ní ìsọ̀ rẹ̀. Á pe ọ̀rọ̀, Àlàó á lọ mú ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá: adé, ilé, omi, aṣọ, ìlù. Fáwẹ̀lì la fi bẹ̀rẹ̀, torí ó dá dúró lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ wa tó fi ń bẹ̀rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. U nìkan ni kò sí ọ̀rọ̀ tó ń fi bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ìparí ìlù la fi kọ́ ọ nígbà tó yá. L àti m ló tẹ̀ lé e, torí èèyàn lè fà wọ́n gùn lẹ́nu láìfi fáwẹ̀lì kankan kún un. B àti d kò ṣeé fà. Tọ́ì á sọ “bọ̀ọ̀”, “dọ̀ọ̀”, ọmọ á sì máa rò pé ohun tí lẹ́tà ń sọ nìyẹn. Àwọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ a ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé wọn sí, kí ètè pàdé kó sì là lẹ́ẹ̀kan.

Omi ló kọ́kọ́ kà. Ó tò ó, o, m, i, ó fà á, “o… mmm… i”, ó dákẹ́, ó tún un fà kíákíá. “Omi! Omi ni!” Ilá tẹ̀ lé e. Àlàó tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì tò jù, ó ń gbé e ká ìsọ̀ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Lọ́jọ́ kan ó kàn ń to igbá bó ṣe wù ú, m, o, l, a, ó wá fi gbogbo ohùn kà á: “Mo là!” Àwọn ẹlẹ́lùbọ́ tó yí i ká ní “Àṣẹ!” lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fún un lówó. Láti ọjọ́ náà, ó ti mọ̀ pé ìwé kíkà lérè.

Bàbá rẹ̀ pè mí láti Èkó. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. “Àǹtí, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni mò ń sanwó ẹ̀. Ìjọba alára ti ní kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀ níléèwé.” Kò parọ́. Ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti kéde ní November 2025 pé wọ́n ti fagi lé e, òyìnbó ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní ìpinnu ìjọba wà fún kíláàsì, kò dé ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́. Mo sọ ti Ilé-Ifẹ̀ fún un, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà, tí òyìnbó jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú òyìnbó, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú rẹ̀ àti nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ó ní òun ti gbọ́, pé kí n ṣe é títí táàmù á fi parí, kí òun wò ó. Mi ò rò pé Ifẹ̀ ló yí i lọ́kàn padà. Fídíò “mo là” tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ló ṣe é.

Òyìnbó náà kò pẹ́ wọlé. A ti ní a, i, m, l, b, s, t, n, ìró wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́tà ló kù. Mo ní, “Kí ni wọ́n ń pè ẹ́ nílé?” “Àlàó.” “Níléèwé ńkọ́?” Ó pe orúkọ ìwé rẹ̀. “Ṣé ọmọ méjì ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní a náà nìyẹn: níléèwé wọ́n ń pè é ní “éè”, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀, a ló máa ń ké. Mi ò tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún un mọ́, òun ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

P ni mo sọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ iléèwé ni lẹ́tà wọn àkọ́kọ́ jẹ́ s, a, t, i, p, n. Ẹni tó to ètò yẹn kò ro ti Yorùbá, torí p tiwa kì í ṣe p tiwọn: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló ń pa tiwa pọ̀, bíi nínú pápá. Ọmọ tí wọn ò bá kìlọ̀ fún á fi p pápá pe pen títí dàgbà. Mo mú tíṣù pẹlẹbẹ kan síwájú ẹnu rẹ̀. Tí a bá pe pen bó ṣe yẹ, tíṣù á fẹ́. Tí a bá pe pápá, kò ní mira tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ tíṣù yẹn títí ó fi ya.

Tọ́ì London kò di àpatì. Láìsí bátìrì, Àlàó ló ń tẹ bọ́tìnnì tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, àbúrò rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, Àlàó sì máa ń dorí tọ́ì kodò fúnra rẹ̀ kó lè fi dán an wò.

Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé, mo ní kó fi lẹ́tà orí páálí dán Àlàó wò láìtò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ó mọ èyí tó pọ̀ nínú wọn. E àti ẹ ṣì ń dàrú lójú rẹ̀ tó bá ń kánjú, b àti d náà, ìyẹn kì í ṣe ohun àjèjì lọ́mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ní kó tẹ̀síwájú sí kíláàsì kejì. Olùkọ́ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló tún béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló fín àwọn igbá yẹn.

Ibi tí a dé báyìí ni gb. Bàbá fín gb sójú igbá kan ṣoṣo bí mo ṣe yà á, ó wá ní owó méjì ni. Mo ní lẹ́tà kan ni, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ábídí. Ó ní òun ò mọ ábídí, nǹkan méjì lọ́wọ́ òun fín. Ìyá àgbà, tí kò sí ọjọ́ tí kò ná ọjà, ní kí n kúrò níbẹ̀ kí òun bá a sọ ọ́. Owó kan àti àbọ̀ ni wọ́n fi parí rẹ̀, pẹ̀lú kóńgò ẹ̀lùbọ́ kan.